Omi Tí Mo Fọwọ́ Sí Pé Ó Mọ́

Ẹni tí kò bá tíì gbóòórùn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń se rọ́bà rí, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan gbàgbé ẹran sínú omi ọṣẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wá gbé e kaná. Ó máa ń wọnú irun. Ó máa ń wọnú aṣọ tí èèyàn ti fọ̀, tó ti ká sínú àpótí. Ọjọ́ kẹrin tí mo dé Bìní ni wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ Sapele Road, mo sì bì sára bàtà ara mi lójú àwọn tí mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ngbàtí don baptise." Ngbàtí ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, torí wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu wa.

Ojú tì mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà ni pé ilé wà níbẹ̀. Èèyàn ń gbé inú òórùn yẹn. Obìnrin kan ń sá aṣọ, àwọn ọmọdé ń ṣeré, kò sì sẹ́ni tó di imú.

Ìkirè ni wọ́n ti bí mi, Ìbàdàn ni mo ti kàwé tí mo sì ti lọ́kọ. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Bìní. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó ń mójú tó àyíká ló gbà mí sí yàrá àyẹ̀wò wọn. Iṣẹ́ mi ni láti lọ bu omi níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń da omi ìdọ̀tí wọn nù, kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀, kí n sì fọwọ́ sí i. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń rí i. Èmi àti Ìrètí, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, la jọ kó wá.

Bàbá mi dunnú sí iṣẹ́ yìí ju èyíkéyìí tí mo ti ṣe rí lọ. Wolé-wolé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ṣì rántí aṣọ kákí wọn, àti bí àwọn obìnrin àdúgbò ṣe máa ń sáré lọ bo àmù tí wọ́n bá ti rí wọn lókèèrè. Bàbá mi á ṣí àmù náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n bá sì rí tanwíjí kan ṣoṣo níbẹ̀, omi yẹn di dídànù. Wọ́n da ti àbúrò ìyá mi nù lọ́jọ́ ìkómọjáde rẹ̀. Gbogbo ẹbí bá wọn jà, wọn ò tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò nílé, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn. Tìrẹ kàn ní ẹ̀rọ ni."

Ọ́fíìsì wa wà ní GRA, láàárín àwọn ilé tí wọ́n mọ ògiri gíga yí ká. Òdòdó wà lẹ́nu géètì, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, kò sí òórùn kankan. Ọ̀gbẹ́ni Efosa ni ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló fi ibi tí mo ti lè ra búrẹ́dì tó gbóná hàn mí. Omi tí mo bù ní ilé iṣẹ́ rọ́bà yẹn dúdú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, torí mo rò pé mo ṣe àṣìṣe. Gbogbo ohun tí mo wò níbẹ̀ ló kọjá ààlà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbé e fún un.

Ó kà á tán, ó rọra fi í sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó mú ìwé àyẹ̀wò tó ṣáájú jáde, ó yí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ padà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì tì í sí iwájú mi pẹ̀lú bírò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "èyí kọ́ ni ohun tí mo rí."

"Mo mọ̀," ó ní. "Èyí ni ohun tí ọ́fíìsì rí."

Mo wo ìwé náà. Ó ní omi náà mọ́, ó ní ẹja lè gbé inú rẹ̀. Ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Kódà, ọ̀rọ̀ kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ṣì kọ, wọ́n kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì, àṣìṣe náà sì wà nínú gbogbo èyí tó ṣáájú. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe rí, torí kò sẹ́ni tó ń kà á.

Mo fọwọ́ sí i. Mi ò ní purọ́ pé ẹnì kan na ìbọn sí mi. Mo jẹ́ ẹni tuntun, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, mi ò mọ ẹnì kankan ní gbogbo ìlú. Mo fọwọ́ sí i, mo lọ fọ ọwọ́ mi, mo padà jókòó, mo tún dìde lọ fọ̀ ọ́.

Àdúgbò Uselu la ń gbé. Ariwo àwọn mẹkáníìkì ló máa ń jí wa, tí wọ́n bá ti ń gbá irin láàárọ̀, a mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn. Ní oṣù àkọ́kọ́, èmi àti Ìrètí nìkan la ń gbọ́ èdè ara wa. Tí mo bá wọ ọjà, tí mo fẹ́ ra ata, màá ti to Gẹ̀ẹ́sì mi jọ lórí kí n tó dé ìdí àtẹ, síbẹ̀ náà ẹni tó ń tà á á ti mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi. Wọ́n kàn máa ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tó jókòó sórí àga ẹlòmíràn. Mo máa ń ronú nígbà mìíràn pé, kì í kúkú ṣe òkè òkun ni mo wà. Mo lè wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kí n jẹun ọ̀sán nílé bàbá mi. Àmọ́ àdánìkanwà kì í ka máìlì.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà mí là. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn Yorùbá máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn olùkọ́. Díákónì Adékànmbí ló ń darí wa. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ó ti pẹ́ ní Bìní, ó sì mọ gbogbo èèyàn. Òun ló bá mi wá ilé tí mò ń gbé. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Díákónì, ló ń bá mi lọ mú Ìrètí nílé ìwé ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dá mi dúró. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé wọn, tí ìyàwó rẹ̀ kí mi pé, "Ìyá Ìrètí, ṣé àlàáfíà lẹ jí?", omi bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n gún iyán fún wa. Mo ti fi òkèlè kejì sẹ́nu nígbà tí Díákónì rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ìyá Ìrètí, o ṣeun o. Ìwé yín ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dára gan-an."

Mo ní, "Ìwé wo ni, sà?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òun ni ọ̀gá tó ń mójú tó àwọn òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ rọ́bà náà. Mo fi omi gbé òkèlè yẹn mì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé ọbẹ̀ náà dùn. Láti ọjọ́ náà, ara mi rí mi lára. Mi ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè sọ ọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni bàbá mi máa ń pè.

"Ṣé ẹ ti rí wọn mú?" Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n tó bèèrè ọmọ.

"À ń lọ síbẹ̀, Bàbá."

"Ṣé wọ́n ń bẹ̀rù yín?"

"Wọ́n ń bẹ̀rù wa, Bàbá."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Gbé fóònù fún ọmọ mi."

Màá gbé fóònù fún Ìrètí. Bàbá mi á bi í ní Yorùbá pé kí ló jẹ, Ìrètí á dáhùn pé, "Grandpa, I never chop." Ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fa Yorùbá jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Màá jókòó ti i, màá máa gbọ́ àwọn méjèèjì, ọ̀kan ń fi èdè kan bèèrè, ọ̀kan ń fi èdè mìíràn dáhùn, síbẹ̀ wọ́n ń sọ òtítọ́ fún ara wọn. Èmi tí mò ń bá wọn sọ Yorùbá tó dán ni mò ń purọ́.

Ọdún kan àti ààbọ̀ kọjá báyẹn. Mo fọwọ́ sí ìwé mẹ́fà. Tí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, tí ẹnì kan bá bi mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, màá ní olùkọ́ ni mí. Ìdí ni pé lọ́jọ́ kan, mo sọ òtítọ́ fún awakọ̀ kan, ó sì dá kẹ̀kẹ́ dúró lójú ọ̀nà, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ó ní odò tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ lábúlé ìyá òun ti ń hó bí ọṣẹ, ó ní àwa la sì ń sọ pé ó dára. Mi ò bá a jiyàn. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì.

Ìgbà náà ni wọ́n yan ọ̀gá àgbà tuntun fún wa. Madam Itohan ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, bàtà pẹlẹbẹ ló máa ń wọ̀, kì í sì jókòó pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó wọ yàrá àyẹ̀wò, ó ní kí a kó gbogbo ìwé ilé iṣẹ́ rọ́bà jáde. Ó tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó na ìka sí ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì kọ yẹn ni.

"Ta ló ń tẹ èyí?"

Ọ̀gbẹ́ni Efosa ń wo fèrèsé.

"Ó dára," ó ní. "Ẹ gbọ́ bí a ó ṣe máa ṣe é báyìí. Ẹnikẹ́ni ò tún gbọdọ̀ bu omi níbi kankan láìsí ẹni méjì tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn yàn níbẹ̀. Ẹ ó pín omi náà sí ìgò méjì, ẹ ó lẹ ẹnu wọn pa. A ó mú ọ̀kan, àwọn ará àdúgbò á mú ìkejì lọ síbi tó bá wù wọ́n. Èsì rẹ̀ á wà lára pátákó lẹ́nu géètì wa, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè kà á." Ó to àwọn ìwé náà jọ. "Ẹni tó bá sì ti fọwọ́ sí ohun tí kò rí, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì. Ara pátákó kan náà la máa lẹ̀ ẹ́ mọ́."

Nígbà tó jáde, Ọ̀gbẹ́ni Efosa rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kó tó pé oṣù mẹ́fà, wọ́n á ti gbé e lọ síbòmíràn," ó ní. "Má pa ara rẹ."

Nígbà tó di Sátidé, bàbá mi pè, wọ́n sì bèèrè ìbéèrè wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo sọ iye ìwé, mo sọ ohun tí mo rí nínú omi àti ohun tí mo kọ. Wọn ò pariwo. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn wọ́n ní, "Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún ọ. Jẹ́ kí n pè ọ́ padà."

Wọn ò pè. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọn ò pè. Ìrètí ń bi mí pé, "Grandpa dey sick?" Mo ní rárá, ara wọn le.

Mo kọ tèmi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Nínú gbogbo àwa tó wà ní yàrá àyẹ̀wò, ẹni mẹ́ta péré ló kọ. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi fún ọdún kan, ìyẹn ni pé mo lè bu omi, mo lè fọ ìgò, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí èsì kankan. Ó dùn mí, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Madam Itohan rán mi lọ sí àdúgbò tó yí ilé iṣẹ́ rọ́bà ká láti ṣàlàyé ètò tuntun fún wọn. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pàdé mi. Mo kí wọn ní èdè wọn, "Kóyo", wọ́n dáhùn bí ẹni tó ń san gbèsè. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé nípa ìgò méjì, nípa pátákó. Kò sẹ́ni tó mi orí. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìyá àgbàlagbà kan dìde láti iwájú. Màmá Osagie ni wọ́n ń pè é. Ó rìn wá bá mi, ó gbé ike omi kan ka orí tábìlì. Omi odò wọn ni. Nǹkan kan ń léfòó lókè rẹ̀ bí ọ̀rá ọbẹ̀ tó ti dì.

"You people write say e good," ó ní. "Drink am."

Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Òórùn ọjọ́ kẹrin mi ní Bìní jáde sí mi nímú. Mo dé e padà.

"Mi ò lè mu ún, Mama," mo ní. "Kò dára. Mo mọ̀ láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bù ú pé kò dára. Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé ó mọ́."

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan tutọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ dìde, ó ká ẹ̀wù ọmọ náà sókè kí n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Egbò ni láti ọrùn dé ìbàdí. Mo wò ó. Ohun tí mo lè ṣe kò ju pé kí n máa wò ó kí n má yí ojú kúrò. Màmá Osagie ò pariwo ní tirẹ̀. Ó ń wò mí bí bàbá mi ṣe máa ń wo àmù.

"So na you," ó ní. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ní èdè Ẹdó. Wọ́n jiyàn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ti yan ẹni méjì tó máa bá wa bu omi: kápẹ́ńtà kan, àti òun fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la lọ sílé iṣẹ́ rọ́bà. Wọn ò ṣí géètì fún wa. A dúró nínú oòrùn títí Díákónì Adékànmbí fi jáde wá, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ tónítóní. Ó kọ́kọ́ wo Màmá Osagie, ó wo kápẹ́ńtà, ó wá wò mí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọjọ́ Ìsinmi nígbà tó bá mi sọ Yorùbá.

"Ìyá Ìrètí, irú kí lèyí? Ṣé èmi lo wá ṣe báyìí sí? Kànga wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Lọ bu tibẹ̀ sínú ìgò rẹ, kí a parí ọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí ò mọ nǹkan kan, wọn ò ní mọ ìyàtọ̀. Ara ilé kan náà ni wá."

Màmá Osagie fọwọ́ kàn mí léjìká. "Wetin him talk?"

Mo lè sọ pé ó ń kí mi ni. Ó lè gbà mí gbọ́, ó sì lè má gbà mí gbọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo rántí ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kí mi tí mo sunkún. Mo rántí pé kò sí ẹlòmíràn ní ìlú yìí tó ń bi mí bóyá àlàáfíà ni mo jí. Gbogbo ìgbà tí mo ti wà ní Bìní, èdè yìí ni ilé mi, inú rẹ̀ ni mo ti ń sinmi. Ọkùnrin yìí sì ń sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí pa mọ́ sí, ó sì fẹ́ kí n bá òun pa ilẹ̀kùn dé.

Mo yíjú sí Màmá Osagie, mo sì tú u fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kànga, ilé ìdáná, pé wọn ò mọ nǹkan kan. Mo tú "ara ilé" náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn lẹ́nu mi bó ṣe dùn lẹ́nu rẹ̀.

Díákónì wò mí bí ẹni pé mo bọ́ ọ sí ìhòòhò lójú ọjà. Kò tún sọ Yorùbá mọ́. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí a lọ mú ìwé àṣẹ wá. Mo fi ìwé àṣẹ hàn án. Ó ní ọ̀gá òun ò sí nílé. Màmá Osagie ká ìró rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níwájú géètì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn obìnrin mìíràn jáde nílé, wọ́n wá jókòó tì í. Ọkọ̀ tó fẹ́ kó ẹrù jáde ò lè kọjá. Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan, wọ́n ṣí géètì.

Ibi tí páìpù omi ìdọ̀tí wọn ti ń dà sódò, ilẹ̀ pupa ti di dúdú, ó sì ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹran tó ti rà. Ìfófòó ga dé orókún mi. Eṣinṣin bò ó. Mo bu omi náà lójú wọn, mo pín in sí méjì, a lẹ ẹnu ìgò pa. Màmá Osagie kọ orúkọ rẹ̀ sára méjèèjì, ó rọra ń kọ ọ́, ó sì mú mi dúró títí ó fi kọ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn.

Èsì rẹ̀ burú ju èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Efosa lọ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, wọ́n pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n dí páìpù wọn títí wọ́n á fi gbẹ́ kòtò tí omi ìdọ̀tí á ti máa silẹ̀, tí wọ́n á sì ti máa sọ ọ́ di mímọ́. Iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sẹ́ni tó jókòó ní ìlà tí mo jókòó sí. Mọ́mì Díákónì ló gbàdúrà ìparí. Ó ní kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ ọ̀tá ilé. Gbogbo ilé pariwo Àmín, èmi náà pariwo rẹ̀, kó tó yé mi pé èmi ni.

Ọ̀gbẹ́ni Efosa ò kọ nǹkan kan, àmọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún un: wọ́n rí gbogbo ìwé irọ́ náà nínú rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo ti ń fọ ìgò. "Ìwọ lo wá mọ́ jù nínú wa, àbí?" ó ní. Mo ní rárá, sà. Òtítọ́ ni mo sọ. Tí àwọn èèyàn bá wá ka pátákó wa, mo máa ń rí wọn láti fèrèsé, wọ́n á na ìka sí orúkọ mi nínú àwọn tó fọwọ́ sí irọ́, wọ́n á sì kanra. Nígbà mìíràn mo máa ń fẹ́ jáde lọ ṣàlàyé. Kí ni màá ṣàlàyé? Ohun tó ṣì ń rí mi lára títí dòní kì í ṣe rọ́bà. Bó ṣe rọrùn tó ni. Bírò kan, ìṣẹ́jú kan, ẹnì kan tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Bàbá mi pè lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n máa ń pè.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ fún ti àkọ́kọ́," wọ́n ní.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ bí o ṣe bu èyí tó gbẹ̀yìn."

Mo ròyìn rẹ̀ fún wọn láti géètì dé orí odò. Wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè bí ọ̀gá ṣe ń bi ọmọọṣẹ́: ṣé mo kọ́kọ́ fi omi náà ṣan ìgò, ibo ni ìyá yẹn dúró sí, ta ló gbé ìgò kejì dání. A pẹ́ lórí fóònù. Wọn ò yìn mí. Wọ́n ní kí n máa wọ bàtà òjò tó ga dáadáa, torí irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ ẹsẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ kòtò náà. Nígbà tí a tún bu omi, èsì rẹ̀ ti sàn gan-an, kò tíì tó bó ṣe yẹ, àmọ́ ó sàn. Àwọn ará àdúgbò ò gbà. Wọ́n ní a ti tún gba nǹkan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé ìgò tiwọn lọ sí yunifásítì, iye tí wọ́n sì mú bọ̀ níbẹ̀ bá tiwa mu. Kò sẹ́ni tó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa, mi ò sì retí rẹ̀. Mo ti kúrò ní ẹgbẹ́ tó ń pàdé lẹ́yìn ìsìn. Èmi nìkan ni mo ń lọ mú Ìrètí nílé ìwé báyìí. Tí wọ́n bá bi mí nínú kẹ̀kẹ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń sọ ọ́, nígbà mìíràn wọ́n á sì kanra mọ́ mi títí a ó fi dé ibi tí mò ń lọ.

Lóṣù tó kọjá, láàárọ̀, mò ń di irun Ìrètí nígbà tí fóònù mi dún. Màmá Osagie ni. Mi ò mọ ibi tó ti rí nọ́ńbà mi. Kò kí mi. Ó ní ọkọ̀ ńlá kan ń da epo dúdú sínú kòtò lẹ́yìn ilé ìwé wọn, ó ní ó ṣì ń dà á lọ́wọ́ báyìí, ó ní òun ti kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, "You dey come abi you no dey come?"

Mo ní mò ń bọ̀. Mo ní kí ó má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ.

Ìrètí yí orí padà, ìyàrun ṣì wà nínú irun rẹ̀. "Mummy, na your friend be that?"

"Rárá o," mo ní, mo sì ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé. "Kò fẹ́ràn mi rárá. Àmọ́ èmi ló pè."